Dídi rẹfirí eré idà ní Amẹ́ríkà, àti bí ìpele ò ṣe ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni mo kọ èyí fún, yálà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe eré idà tàbí ọmọ yín lẹ ń gbé lọ gbé bọ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń rò ó pé ẹ̀yin náà lè dúró sáàárín olùdíje méjì kẹ́ ẹ máa dájọ́. Ìlànà USA Fencing, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà níbí, ni mo gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ àgbáyé àti ti Nàìjíríà wà lápá ìsàlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohun ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi eré ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: foil, épée àti sabre.

Ṣebí ẹ̀rọ ló ń tan iná. Kí ló wá kù tí rẹfirí ń ṣe?

Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ kò ju pé idà kan ara lọ. Nínú épée, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Gbogbo ara ni wọ́n lè gún níbẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gún ẹnì kejì ló ni pọ́íǹtì, bí àwọn méjèèjì bá sì gún ara wọn láàárín nǹkan bí ìdá 1 nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá, olúkúlùkù á gba tirẹ̀.

Foil àti sabre kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná méjì lè tàn kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa gba pọ́íǹtì, ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní gbà á. Ẹ̀tọ́ ìkọlù ló ń dá a. Ẹni tó kọ́kọ́ na apá, tí idà rẹ̀ sì ń halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì láìdáwọ́ dúró, òun ló ń kọlù. Ẹni tí wọ́n ń kọlù gbọ́dọ̀ gbá idà yẹn dànù ná, tàbí kó jẹ́ kó tàsé, kí ẹ̀tọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá kàn na tirẹ̀ síwájú nígbà tí tẹni ọ̀hún ń bọ̀, iná rẹ̀ á tàn lóòótọ́, àmọ́ pọ́íǹtì kọ́ nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá sì dìde kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, rẹfirí á ní kò sí nǹkan, wọ́n á tún un ṣe. Gbogbo èyí máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

Kí iná tó dé, rẹfirí, tí wọ́n ń pè ní president nígbà yẹn, máa ń dúró pẹ̀lú adájọ́ mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wò ó bóyá idà kan ara tàbí kò kàn án. Épée ló kọ́kọ́ lo iná ní Òlíńpíìkì, ní 1936. Foil tẹ̀ lé e ní 1956, sabre sì dúró di 1992. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ àwọn mẹ́rin yẹn. Kò tíì gba ti rẹfirí.

Ṣé dandan ni kí n ti ṣe eré idà rí?

Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan wà tó jẹ́ pé orí àga òǹwòran ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí kò di idà mú rí máa ń pẹ́ kó tó là sí foil àti sabre. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbàlagbà ní kílọ́ọ̀bù tó sún mọ́ yín fún oṣù díẹ̀. Ẹ lè má gba àmì ẹ̀yẹ kankan, àmọ́ ẹ ó mọ̀ lára yín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń sáré bọ̀ láti kọlù àti ẹni tó kàn ń sáré bọ̀.

Ta ló ń fúnni ní ìpele, báwo ni wọ́n sì ṣe tò ó?

Ìgbìmọ̀ kan wà lábẹ́ USA Fencing tí wọ́n ń pè ní Referees' Commission. Òun ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò àti àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ rẹfirí wò. Nọ́ńbà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, láti 10 wá sí 1, 1 ló sì ga jù. Ẹ ṣì máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà rẹfirí: “èmi ti jẹ́ 3 láti ọjọ́ yìí.” Wọ́n ti pa ìyẹn tì. Lẹ́tà ni wọ́n ń lò báyìí: P fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, L fún ìdíje àdúgbò, R fún ti agbègbè, N fún ti orílẹ̀-èdè, àtẹ̀gùn méjì sì wà nínú L, R àti N.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele tirẹ̀. Ẹ lè jẹ́ ẹni ńlá nínú épée kẹ́ ẹ má sì ní nǹkan kan nínú sabre. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ojú tó ń dá épée kọ́ ló ń dá sabre.

Kí ni àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́?

Ẹ kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ USA Fencing ní irú ẹ̀ka tó fàyè gba iṣẹ́ rẹfirí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ni sáà wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, nítorí náà ẹni tó sanwó ní oṣù Kẹfà láì ṣèwádìí lè rí i pé sáà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ SafeSport lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó dá lórí bí a ṣe ń dáàbò bo àwọn eléré, pàápàá ọmọdé, lọ́wọ́ ìwà ìbàjẹ́, àti àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn fún ẹni tó ti pé ọdún 18. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti wọlé, ẹ lọ sí sẹ́mínà àwọn rẹfirí, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdánwò ìwé. Ẹni tó bá yege á gba P, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdíje kéékèèké. Ìpele gidi ń dúró de ìgbà tí ẹni tó láṣẹ bá wo yín lójú pápá.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí SafeSport, torí àwọn ará wa máa ń kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kejì ọdún 2018 ló gbé e ró, lẹ́yìn ìtìjú ńlá tó bá eré jímúnásíìkì. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú eré idà níbí. Nílé wa, àgbàlagbà lè pe ọmọ ọlọ́mọ sí kọ̀rọ̀ kó bá a wí, kó fọwọ́ pa á lórí, kó sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó lè máa gbà á níyànjú. Ẹ má ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ojú gbangba lẹ ti máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, níbi tí ẹlòmíràn ti ń rí yín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀. Inú rere yín kọ́ ni wọ́n ń fura sí. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò ìwé?

Ìwé òfin ni. Ìwé òfin USA Fencing tẹ̀ lé ti FIE, àjọ àgbáyé, nọ́ńbà àwọn òfin sì ní lẹ́tà níwájú: t fún ọ̀nà tí a gbà ń ṣe eré, o fún ètò ìdíje, m fún ohun èlò. Apá t lẹ máa kà jù. Ìjà púùlù, ìyẹn ìsọ̀rí kékeré tí olúkúlùkù ti ń bá gbogbo àwọn tó kù jà, ń lọ dé pọ́íǹtì 5 láàárín ìṣẹ́jú 3. Ìjà tí ẹni tó bá fìdí rẹmi á kúrò nílẹ̀ ń lọ dé 15, ní apá mẹ́ta oníṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Nínú sabre, ìgbà tí ẹnì kan bá dé 8 ni wọ́n ń sinmi. Ojú pápá, tí wọ́n ń pè ní piste, gùn tó mítà 14. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá bọ́ sẹ́yìn ìlà ìkẹyìn ti fún ẹnì kejì ní pọ́íǹtì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló bọ́ sí, ẹnì kejì á fi mítà kan sún mọ́ ọn.

Ìdánwò yìí ò le. Mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀nà rẹfirí dí mọ́ níbẹ̀.

Ìdánwò ojú pápá ńkọ́?

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ìdíje gidi ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á fún yín ní púùlù, olùyẹ̀wò á sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú bébà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì. Púùlù ẹni 7 ní ìjà 21 nínú, ti ẹni 6 ní 15. Kò pọn dandan kó wo gbogbo rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń wò ni ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ gbọ́dọ̀ máa rí olùdíje méjèèjì àti iná ẹ̀rọ pọ̀, kẹ́ ẹ sì máa rìn bí wọ́n bá ṣe ń rìn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń dúró gbagidi sójú kan, bí àwọn olùdíje bá ti sá dé ìpẹ̀kun piste, ẹ̀yìn ẹnì kan ni wọ́n á máa rí. Ohun kejì ni ohùn. “Halt” yín gbọ́dọ̀ dé etí ọmọ tó ti de ìbòjú, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tí kóòṣì rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn. Ẹ má fi ìtìjú sọ ọ́.

Ohun kẹta ló ń ya rẹfirí sọ́tọ̀: ṣé bákan náà lẹ ṣe ń dájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Bẹ́ ẹ bá gbà nígbà tí àmì ayò wà ní 2 sí 1 pé fífi idà kan idà lásán ti tó láti gba ẹ̀tọ́ ìkọlù, ẹ gbọ́dọ̀ ṣì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá di 4 sí 4. Olùdíje lè fara mọ́ rẹfirí tó le, ó sì lè fara mọ́ èyí tó rọ̀, torí á mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ẹni tó ń yí padà láti ìjà dé ìjà ni wọn ò lè bá lò. Olùyẹ̀wò mọ èyí, nítorí náà á dárí àṣìṣe kan jì yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ní dárí rẹ̀ jì yín bí ẹ̀rù ariwo kóòṣì bá mú yín yí ìdájọ́ padà.

Lẹ́yìn púùlù, á pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì bi yín pé: “Kí lẹ rí ní pọ́íǹtì yẹn?” Ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sọ, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò pé ó fẹ́ gbọ́. Bẹ́ ò bá rí i, ẹ sọ pé ẹ ò rí i. Òfin gan-an fàyè gbà yín láti sọ bẹ́ẹ̀ lórí piste: bí rẹfirí ò bá lè dá ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ̀ nínú foil tàbí sabre, á dá wọn padà sípò láì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá wá ń lò ó ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa kọ.

Ohun ìjà wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe eré. Bẹ́ ò bá ṣe é rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú épée. Níbẹ̀ lẹ ti máa kọ́ bí a ti ń darí ìjà, bí a ti ń ṣọ́ aago àti bí a ti ń kọ àmì ayò, láì jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ìkọlù tún ń dà yín láàmú. Àwọn kan á sọ fún yín pé épée ò nílò rẹfirí. Ẹ ní kí wọ́n wá dá ìjà méjì tí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ilẹ̀ wọ ara wọn.

Ohùn mi ṣì jẹ́ ti ilé. Ṣé wọ́n á gbọ́ mi?

Wọ́n á gbọ́ yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí rẹfirí ń lò kò pọ̀, ọwọ́ sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Ìkọlù, ìdènà, èsì ìdènà, pọ́íǹtì: gbogbo wọn ló ní àmì ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni ti olùdíje tó wà lápá ọ̀tún yín, ọwọ́ òsì ni ti ẹnì kejì. Ní ìdíje Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi pàṣẹ. Ní ti àgbáyé, Faransé ni: “En garde! Prêts? Allez! Halte!” Níbẹ̀, ọmọ Jàpáàn àti ọmọ Íjíbítì lè wà lórí piste kan náà pẹ̀lú rẹfirí ọmọ Brazil, kí wọ́n má gbọ́ èdè ara wọn rárá, kí ìjà sì lọ bó ṣe yẹ. Ẹ lọ sọ wọ́n níwájú dígí. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kíkánjú sọ̀rọ̀.

Kí ni kí n rà?

Káàdì mẹ́ta: ìyeyè, pupa, dúdú. Òṣùwọ̀n gíráàmù 500 fún foil àti 750 fún épée, pẹ̀lú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ ṣóńṣó épée wò, ọ̀kan mílímítà 1.5, ọ̀kan 0.5. Aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, bírò méjì, kọ́ìnì kan. Bàtà tí ẹ lè fi dúró láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ má fojú di òṣùwọ̀n yẹn. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó dá idà dúró, ṣóńṣó rẹ̀ lókè, ẹ ó gbé òṣùwọ̀n lé e, ó sì gbọ́dọ̀ lè tì í padà sókè. Bí kò bá lè tì í, idà náà ò yẹ fún ìjà, ẹni tó mú un wá á sì gba káàdì. Ní Òlíńpíìkì Montreal ní 1976, Boris Onishchenko, ọmọ Soviet Union tó ń díje nínú eré pentathlon, gbé épée kan wá tó ti fi bọ́tìnnì pamọ́ sínú ìdìmú rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, iná á tàn láì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Jim Fox ti Britain ló ṣàkíyèsí pé iná ń tàn nígbà tí idà ò dé ara òun, wọ́n gba idà náà, wọ́n tú u wò, wọ́n sì lé Onishchenko kúrò nínú ìdíje.

Báwo ni àwọn káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ìsọ̀rí mẹ́rin ni òfin pín ẹ̀ṣẹ̀ sí. Ìsọ̀rí kìíní: ìyeyè fún ìkìlọ̀, bó bá sì tún ṣẹ̀, pupa. Káàdì pupa kọ̀ọ̀kan jẹ́ pọ́íǹtì fún ẹnì kejì. Ìsọ̀rí kejì: pupa lójú ẹsẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta, tó jẹ mọ́ dída ìdíje rú: pupa, lẹ́yìn náà dúdú. Ìsọ̀rí kẹrin: dúdú láìsí ìkìlọ̀, ó sì túmọ̀ sí pé ẹni náà ti kúrò nínú ìdíje. Nínú sabre, gbígbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá ti iwájú nígbà tí wọ́n bá ń lọ síwájú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìsọ̀rí kìíní, ẹ ó sì rí i títí ó fi máa sú yín.

Káàdì dúdú máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé. Ní Milan, ní oṣù Keje 2023, níbi ìdíje àgbáyé, Olga Kharlan ti Ukraine borí Anna Smirnova ti Rọ́ṣíà nínú sabre, ó sì kọ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Idà rẹ̀ ló nà jáde dípò ọwọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Ariwo ta kárí ayé, wọ́n mú ìyà náà kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀ kó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje, FIE sì yí ìlànà bíbọ ọwọ́ padà. Ohun tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ yẹn ni rẹfirí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àtúnṣe òfin kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fara mọ́ mi lórí èyí.

Ta ló ń ṣọ́ aago?

Ẹ̀yin ni, níbi tí kò bá ti sí olùṣọ́ aago. Níbi tó bá sì wà, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa bi. Ní London ní 2012, nínú épée obìnrin, Shin A-lam ti South Korea àti Britta Heidemann ti Jámánì dọ́gba, ó sì ku ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí aago bá ti tán, Shin ló máa wọlé, torí òun ni kèké tí wọ́n ṣẹ́ yàn pé kó borí bí wọ́n bá ṣì dọ́gba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró, aago ṣì ń fi 1 hàn. Heidemann wá gún un. Shin jókòó sórí piste, ó ń sunkún, fún nǹkan bí wákàtí kan tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn ará Korea pè, torí ẹni tó bá kúrò lórí piste ti gbà pé ìdájọ́ náà tọ̀nà. Ìdájọ́ ò yí padà.

Bí ìjà bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó sọ “Fence”, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn “Halt”. Ní gbogbo ìgbà.

Kóòṣì tàbí òbí tó ń pariwo mọ́ mi ńkọ́?

Olùdíje ló láǹfààní láti béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi dájọ́ báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ó sì dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Ohun tẹ́ ẹ rí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè pe ẹjọ́ lé lórí. Bẹ́ ẹ ṣe túmọ̀ òfin ni wọ́n lè bá yín jiyàn lé. Ẹni tí kò sí lórí piste tó bá ń da nǹkan rú, ìyeyè ni fún un lẹ́ẹ̀kíní, dúdú lẹ́ẹ̀kejì, á sì jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Àwọn ará wa tó jẹ́ òbí máa ń ṣòroó pa lẹ́nu mọ́, mo sì mọ̀ pé ó nira láti na káàdì sí ẹni tó dàgbà jù yín lọ. Ẹ kí i tó bá yẹ kẹ́ ẹ kí i, ní àárọ̀, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjà bá ń lọ, ẹ fún un ní káàdì.

Ṣé mo lè dájọ́ fún ọmọ mi, tàbí ọmọ kílọ́ọ̀bù mi?

Ọmọ yín: rárá. Ọmọ kílọ́ọ̀bù yín: ẹ sọ fún ẹni tó ń pín rẹfirí sẹ́nu iṣẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, á sì gbé yín lọ síbòmíràn bí ẹni tó pọ̀ tó bá wà. Ní ìdíje àdúgbò, níbi tí rẹfirí ò ti ju mẹ́ta lọ, ó lè má ṣeé ṣe, ẹ ó kàn sọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ ni ìbòmọ́lẹ̀. Ní 2024, USA Fencing dá rẹfirí sabre méjì dúró lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín wọn nígbà tí ìjà ń lọ. Àtìgbà yẹn ni gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn ti di ojú tó ń wo rẹfirí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú yín pàdé ti kóòṣì kẹ́ ẹ tó dájọ́, kódà bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èló ni wọ́n ń san?

Owó ojúmọ́ ni, ìpele yín ló sì ń sọ iye tó máa jẹ́. Ní ìdíje orílẹ̀-èdè, irú bíi North American Cup, Junior Olympics tó máa ń wáyé ní oṣù Kejì, àti Summer Nationals, wọ́n ń gbé yín wá, wọ́n sì ń fi yín sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ìdíje àdúgbò, owó díẹ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni. Lọ́pọ̀ ibi, wọn ò kà yín sí òṣìṣẹ́ wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò owó orí tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì epo mọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ yìí kọ́lé.

Ọmọ mi tí kò tíì pé 18 fẹ́ ṣe é ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀pọ̀ rẹfirí tó dáńtọ́ níbí ló bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ń mú kí wọ́n lóye eré tiwọn, owó àpò á sì wọlé. Kìkì pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í síbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń díje ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí ìpele mi má bàa bọ́?

Ohun mẹ́ta ló lè dá yín dúró láì jẹ́ pé ẹ dájọ́ búburú: owó ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ò san nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, SafeSport tẹ́ ẹ gbàgbé láti tún ṣe ní ọdọọdún, àti àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú, wọn ò ní fi yín sẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kí ìpele yín ga tó. Ẹ fi gbogbo wọn sínú kàlẹ́ńdà fóònù, oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa parí.

Èyí tó kù ni iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ rẹfirí ń fẹ́ kẹ́ ẹ máa farahàn ní ìdíje, kẹ́ ẹ sì máa bá àtúnṣe òfin rìn. Ẹ ka ìlànà wọn fún sáà kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń yí i padà. Bí òfin ṣe ń yí padà gan-an ló ń dé rẹfirí tó ti pẹ́ lójú. Ní 2016, wọ́n fi kún àkókò tí ẹ̀rọ sabre fi ń dúró kó tó ti iná ẹnì kejì pa, láti nǹkan bí ìdá 120 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá sí 170. Ìyípadà yẹn kéré létí, àmọ́ ìdènà tí kò wúlò mọ́ láyé àtijọ́ padà wúlò, ojú gbogbo rẹfirí sì ní láti tún kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ti jókòó sílé fún ọdún kan bọ̀, ó bá eré mìíràn nílẹ̀.

Mo ti fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ṣé màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ná, wọ́n á sọ ohun tó kù fún yín láti ṣe. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ fi ìdíje àdúgbò méjì tàbí mẹ́ta na ara kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ ńlá. Iwájú gbogbo ayé lẹ máa wà bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ padà sí North American Cup.

Báwo ni mo ṣe lè dé ti àgbáyé?

Èèyàn ò lè fúnra rẹ̀ lọ bá FIE. Àjọ orílẹ̀-èdè yín ló máa dábàá yín. Ìdánwò ìwé àti ti ojú pápá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láísẹ́ǹsì B lẹ sì máa kọ́kọ́ gbà kẹ́ ẹ tó lè ronú A. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, wọn kì í fi rẹfirí sí ìjà tí ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa bá fídíò pàdé níbẹ̀: olùdíje lè ní kí wọ́n tún wo pọ́íǹtì kan, rẹfirí kejì á jókòó ti ẹ̀rọ, ẹ ó jọ wò ó. Bí olùdíje bá jàre, ẹ̀tọ́ láti tún béèrè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, ó ti lò ó nìyẹn.

Nàìjíríà ni mò ń gbé, ìpele Amẹ́ríkà kọ́ ni mo fẹ́.

Ìwé òfin FIE kan náà ni gbogbo wa ń lò, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tó wà lókè yìí kàn yín, àfi SafeSport àti àwọn lẹ́tà P, L, R, N. Àjọ eré idà Nàìjíríà wà lára ọmọ ẹgbẹ́ FIE, òun lẹ máa kàn sí. Eré náà ṣì ń dàgbà nílé, Èkó sì ló gba àlejò ìdíje Áfíríkà ní 2025. Níbi tí olùdíje bá ti pọ̀ ju rẹfirí lọ, ẹni tó bá mọ òfin t lórí, tó sì ní òṣùwọ̀n 500 àti 750 nínú báàgì rẹ̀, kì í pẹ́ rí iṣẹ́. Ẹ ṣe ètò láti gbọ́ Faransé díẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé ní ìdíje Áfíríkà wá láti Senegal, Côte d'Ivoire, Àlìjíríà àti Tùnísíà.